Màlúù Méjì fún AK-47 Kan: Ta Ló Máa Mú Ìbọn Wá Tí Ìjọba Bá Ní Òun Fẹ́ Rà Á?

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àwa mẹ́ta kan jókòó sídìí sùyà ní Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ ààbò ló sì gba ẹnu wa. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Èkó pọ́ńbélé tí kò lo ọjọ́ mẹ́ta lábúlé rí, ní ọ̀rọ̀ náà ò le rárá. Ó ní: "Tó bá jẹ́ èmi ni ààrẹ, màá kéde pé ìjọba ń ra ìbọn. Gbé ìbọn wá, gba owó ẹ, máa lọ sílé, ẹnikẹ́ni ò ní mú ẹ. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ìbọn á ti tán nílùú." Gbogbo wa mi orí. Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n létí mi.

Nígbà tí mo délé, mo pe ẹ̀gbọ́n màmá mi lórí fóònù. Bàbá náà ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Òkè-Ògùn ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń ṣọdẹ. Ìbọn ṣakabùlà kan wà lọ́wọ́ wọn tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú alẹ́ o. Tí ìjọba bá ní kí ẹ wá ta ìbọn yín fún àwọn, ṣé ẹ máa tà á?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èló ni wọ́n fẹ́ san?" Mo ní mi ò tíì mọ̀. Wọ́n ní, "Kò burú. Ká ní wọ́n san án. Tí mo wá délé oko lọ́jọ́ kejì, tí mo bá àwọn agbébọn níbẹ̀, ṣé owó yẹn ni kí n nà sí wọn?"

Ẹnu mi wọhò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí bí irú ètò yìí ṣe rí láwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, lókè òkun àti nílẹ̀ wa níbí. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí mo rí, kẹ́yin náà lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa bèèrè lọ́jọ́ tí olóṣèlú kan bá tún gbé e dé.

Kí ni ètò ìra-ìbọn gan-an?

Ìjọba á mú àsìkò kan, á mú ibì kan, á sì dá iye kan. Ẹni tó bá ní ìbọn á gbé e wá, wọ́n á gbà á, wọ́n á sanwó fún un, wọn ò sì ní bi í pé níbo lo ti rí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé ìbọn náà tàbí kí wọ́n yọ́ ọ, kó má bàa padà sígboro.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń tẹ̀lé òfin: ìjọba ti fòfin de irú ìbọn kan, owó tí wọ́n ń san sì jẹ́ owó gbà-má-bínú fún dúkìá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ. Tó o bá kọ̀ tó o tọ́jú ẹ̀ pa mọ́, ilé ẹjọ́ ń dúró dè ẹ́. Ìkejì kò pọn dandan: ẹni tó bá wù ló ń mú tiẹ̀ wá.

Nínú méjèèjì, ìlérí mẹ́ta ni ìjọba ń ṣe. Àkọ́kọ́, a máa sanwó. Ìkejì, a ò ní mú ẹ. Ìkẹta ni wọn kì í sábà kọ sínú ìwé: látòní lọ, àwa la máa ṣọ́ ẹ. Ìlérí kẹta yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé lórí. Ẹni tó ń gbé láàárín ìgboro lè má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ fún ẹni tó wà lóko, tí ọ̀nà ò dáa, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dúró, ìlérí kẹta yẹn ju owó lọ.

Ọsirélíà: ibi tí gbogbo èèyàn fi ń ṣàpẹẹrẹ

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1996, ọkùnrin kan yìnbọn pa èèyàn 35 nílùú Port Arthur, ní erékùṣù Tasmania lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. John Howard ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba ni, kò tíì lo oṣù méjì lórí oyè. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ àti gbogbo ìpínlẹ̀ ti fẹnu kò sí òfin ìbọn tuntun. Wọ́n fòfin de àwọn ìbọn tó ń yìn léraléra láì tún un kì àtàwọn ìbọn pump-action. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1996 títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997, ìjọba ra ìbọn tó lé ní 640,000, wọ́n sì bà wọ́n jẹ́ pátápátá. Kí wọ́n lè rówó san, wọ́n fi díẹ̀ kún owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń san fún ètò ìlera, fún ọdún kan ṣoṣo.

Ibi tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń dúró sí nìyẹn. Wọn kì í sábà sọ ti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀.

Inú bí àwọn ará oko Ọsirélíà gidigidi. Lọ́dọ̀ wọn, ìbọn jẹ́ irinṣẹ́ bí àdá àti ọkọ́ ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti ehoro ń run irè oko. Tí màlúù bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ibi tó jìnnà sí dókítà ẹran, ìbọn ni wọ́n fi ń gbà á lọ́wọ́ ìrora. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ọkùnrin kan ló ṣẹ̀ ní Tasmania, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa lẹ ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa?" Nígbà tí Howard lọ bá àwọn onìbọn sọ̀rọ̀ nílùú Sale lóṣù Kẹfà ọdún 1996, ó wọ ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í wọ̀ sábẹ́ kóòtù ẹ̀. Igbákejì ẹ̀, Tim Fischer, ni olórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn àgbẹ̀ ń dìbò fún. Ó dúró ti òfin náà, àwọn èèyàn ẹ̀ sì bínú sí i. Nígbà tí ìdìbò dé ní ìpínlẹ̀ Queensland lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní One Nation gba ìjókòó 11, ọ̀rọ̀ ìbọn sì wà lára ohun tó lé àwọn ará oko lọ sọ́dọ̀ wọn.

Síbẹ̀, ètò náà ò wó. Kí ló dé? Mo rí ìdí mẹ́ta.

Èkíní, wọn ò sọ pé kí àgbẹ̀ má ní ìbọn mọ́. Irú ìbọn kan ni wọ́n gbà. Òfin náà ka iṣẹ́ oko sí ìdí gidi tí èèyàn fi lè gba ìwé àṣẹ, nítorí náà àgbẹ̀ ṣì lè ní ìbọn tí wọ́n ń kì lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn bá nílò ju ìyẹn lọ lè gba àṣẹ pàtàkì.

Èkejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbá ilé. Òfin ti de kíkó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọ̀lú àti títà wọn. Omi ló sì yí orílẹ̀-èdè náà ká, kò sí ojú ọ̀nà igbó tí èèyàn fi máa gun ọ̀kadà gbé òmíràn wọlé.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ní Ọsirélíà, tó o bá ní torí kó o lè dáàbò bo ara ẹ lo ṣe fẹ́ ra ìbọn, òfin ò ka ìyẹn sí ìdí. Ìjọba ń sọ pé, "Iṣẹ́ tiwa nìyẹn." Àwọn èèyàn lè bínú, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn gbà pé òótọ́ ni, torí wọn ò ń sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé agbébọn 50 lè gun ọ̀kadà ya wọ abúlé wọn lóru. Ẹ wá lọ sọ gbólóhùn yẹn fún bàbá mi ní Òkè-Ògùn, kẹ́ ẹ wo bí wọ́n á ṣe rẹ́rìn-ín.

Ṣé ètò náà dín ikú kù? Iye àwọn tó ń tipa ìbọn kú dín kù, pàápàá àwọn tó ń fi ìbọn pa ara wọn, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ìbọn ń pa níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn nípa èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ètò náà gan-an nínú ẹ̀, torí iye náà ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọdún 1996 tó dé. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí a ò gbọ́dọ̀ fojú fò: ìbọn tó wà nínú yàrá lè ṣọ́ ilé, ó sì lè pa onílé.

New Zealand náà tọ ọ̀nà yìí. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkùnrin kan pa èèyàn 51 ní mọ́ṣáláṣí méjì nílùú Christchurch. Kó tó pé oṣù kan, àwọn aṣòfin ti ṣòfin. Àwọn 119 ló fọwọ́ sí i, ẹnì kan péré ló ta kò ó. Láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá ọdún náà, ìbọn tó lé ní 56,000 ni wọ́n gbà. Bí ìbọn bá ṣe wà ni owó ẹ̀ ṣe rí: èyí tó dà bíi tuntun lè gba 95 nínú 100 iye ẹ̀, èyí tó ti gbó gba 25. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pípa ẹranko tó ń ba oko jẹ́ lè tọrọ àṣẹ láti máa lo tiwọn lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé lórílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn pé, "Kí ni ará oko máa fi ṣiṣẹ́ lọ́la?" kí wọ́n tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀.

Zamfara: a ra ìbọn, a tún ní kí wọ́n lọ ra ìbọn

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Lóṣù Keje ọdún 2020, gómìnà ìpínlẹ̀ Zamfara nígbà náà, Bello Matawalle, kéde pé agbébọn tó bá ronú pìwà dà, tó sì gbé AK-47 kan wá, màlúù méjì ni wọ́n máa fún un. Àlàyé tó ṣe ni pé màlúù ni àwọn èèyàn yìí tà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ra ìbọn, nítorí náà kí wọ́n dá ìbọn padà kí wọ́n gba màlúù. Lórí ìwé, ó bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ darandaran ni wọ́n.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ní àsìkò yẹn, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé màlúù kan tó nǹkan bíi ₦100,000, AK-47 kan sì lè tó ₦500,000 lọ́jà ìkọ̀kọ̀. Màlúù méjì jẹ́ ₦200,000. Ta ló máa gbé nǹkan ₦500,000 wá gba ₦200,000? Ẹni tí tiẹ̀ ti bàjẹ́, àbí ẹni tó ní mẹ́ta nílé. Ká tiẹ̀ ní iye yẹn dọ́gba, ìbọn lọ́wọ́ ajínigbé dà bí oko kòkó: ọdọọdún ló ń so. Owó ìràpadà èèyàn kan ṣoṣo lè ra agbo màlúù.

Apá kejì rèé. Lọ́dún 2019, nígbà tí gómìnà náà ń bá àwọn agbébọn ṣe àdéhùn àlàáfíà, ìjọba ẹ̀ ti fòfin de àwọn Yan Sakai, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ará abúlé fúnra wọn dá sílẹ̀. Ìjọba ní ìdí. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn Yan Sakai pé wọ́n ń pa Fúlàní tí ò mọwọ́mẹsẹ̀, ìyẹn sì ń mú kí àwọn agbébọn máa gbẹ̀san. Mi ò sọ pé èèyàn mímọ́ ni wọ́n. Ìbéèrè mi ni pé: nígbà tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ abúlé, ta ló dúró síbi tó ti kúrò?

Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Jangebe, ní Zamfara kan náà, wọ́n sì jí ọmọ tó lé ní 270 gbé. Wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Nígbà tó wá di oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Matawalle yìí kan náà gbé ìkéde mìíràn jáde: kí àwọn ará ìlú múra, kí wọ́n lọ gba ìbọn, kí wọ́n fi dáàbò bo ara wọn, ìjọba á sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba ìwé àṣẹ.

Ẹ jẹ́ n tún un sọ, kó lè yé wa dáadáa. Lọ́dún 2020, "Ẹ gbé ìbọn wá, ẹ gba màlúù." Lọ́dún 2022, "Ẹ lọ gba ìbọn." Láàárín ọdún méjì, gómìnà kan ṣoṣo. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ìlérí kẹta yẹn ni ìjọba ò lè mú ṣẹ. Owó ìbọn kò ní nǹkan kan tó lè ṣe tí ẹni tó gba owó ò bá ní ẹni tó máa ṣọ́ ọ.

Tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ọjà ni

Nǹkan mìíràn wà tí ọ̀rẹ́ mi ò rò. Tí ìjọba bá ń ra nǹkan, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà. Lọ́dún 2022, ní ìlú Utica ní ìpínlẹ̀ New York, ìjọba ṣe irú ètò yìí. Ọkùnrin kan lọ fi ẹ̀rọ 3D tẹ ìbọn oníke rẹpẹtẹ jáde, ó kó wọn wá, ó sì gba káàdì ìrajà tó tó dọ́là 21,000. Àwọn aláṣẹ sáré yí òfin ètò náà padà lẹ́yìn tó ti lọ.

Tí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, níbi tí alágbẹ̀dẹ ti lè rọ ìbọn ìbílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀? Tí ìjọba bá ní ₦150,000 lòun máa san lórí ṣakabùlà kan, tí alágbẹ̀dẹ sì lè rọ ọ́ ní iye tó kéré sí ìyẹn, ìjọba ti gba iṣẹ́ fún un nìyẹn. Ọdẹ náà lè ta ògbólógbòó tọwọ́ ẹ̀, kó fi ìdajì owó ra tuntun. Ẹni tó tún jẹ èrè jù ni ẹni tó ní ìbọn púpọ̀.

A ti rí ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní Niger Delta. Lọ́dún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn tó ń jà níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kó ohun ìjà wọn sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ẹni tó bá wọ ètò náà sì ń gba ₦65,000 lóṣù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wọlé, ìjà sì rọlẹ̀ gan-an. Mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó láti ojú apẹja tí epo rọ̀bì ti ba odò ẹ̀ jẹ́, tí kò gbé ìbọn rí. Kò sí nǹkan kan fún un nínú ètò yẹn. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ ẹ̀ kọ́ ni pé ẹni tó gbébọn ni ìjọba ń rí. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tán nínú ọmọ bọ̀rọ̀.

Ìbọn ọdẹ nílẹ̀ Yorùbá

Nílẹ̀ wa níbí, òfin ìbọn tí à ń lò ti wà láti ọdún 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́, tí aráàlú ò gbọ́dọ̀ ní àyàfi tí ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni AK-47 wà. Èkejì ni ìbọn tí àwọn èèyàn fi ń ṣọdẹ tàbí ṣeré ìdárayá, tó nílò ìwé àṣẹ. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu kì, tí ṣakabùlà wà lára ẹ̀. Òun náà nílò ìwé, ṣùgbọ́n ìpele ẹ̀ yàtọ̀. Ìyẹn ni pé láti 1959, òfin pàápàá ti mọ̀ pé ìbọn bàbá mi kì í ṣe ẹgbẹ́ AK-47. Àwa tá à ń sọ̀rọ̀ nídìí sùyà la dà wọ́n pọ̀.

Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n sin èèyàn 73 lẹ́ẹ̀kan náà nílùú Makurdi, lẹ́yìn tí agbébọn kọ lu àwọn abúlé ní ìpínlẹ̀ Benue. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, Ibrahim Idris, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn láì gba àṣẹ kó o wá. Owó kankan ò sí níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta, Ọ̀gágun T. Y. Danjuma, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ààbò tẹ́lẹ̀, dìde ní Jalingo, ó sì sọ fún àwọn èèyàn ẹ̀ pé kí wọ́n dáàbò bo ara wọn. Ẹ rí i? Bí ìjọba ṣe ń sọ pé "Ẹ kó o wá," bẹ́ẹ̀ ni àgbà ológun ń sọ pé ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ta ni kí àgbẹ̀ gbọ́ tiẹ̀?

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ sì jẹ́ ọdẹ. Síbẹ̀, lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2021, agbébọn ya wọ Ìgàngàn ní Ìbàràpá. Ó kéré tán, èèyàn 11 ló kú, wọ́n sì dáná sun ààfin. Lẹ́yìn irú òru bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sọ fún ọmọ Ìgàngàn pé ẹ fẹ́ ra ṣakabùlà bàbá ẹ̀. Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó, tó ti di olóògbé báyìí, pariwo títí lọ́dún 2022 pé kò bójú mu kí Àmọ̀tẹ́kùn máa gbé ìbọn kékeré kojú ẹni tó gbé AK-47.

Àmọ́ mi ò fẹ́ tan yín. Ọ̀rẹ́ mi ò ṣì pátápátá. Ọdẹ ń yìnbọn fún ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbó, ó rò pé ẹranko ni. Ọmọdé ń fi ìbọn bàbá ẹ̀ ṣeré. Tí ìdìbò bá dé, àwọn jàǹdùkú ń wá ìbọn kiri, ẹni tó bá sì ń fi tiẹ̀ yáni ò ní jẹ́wọ́. Tí àgbẹ̀ àti darandaran bá ń jà nítorí oko tí màlúù jẹ, ìjà tí ì bá parí sí igi àti ẹ̀ṣẹ́ ló ń parí sí òkú. Ẹni tó bá ní ìbọn púpọ̀ ní abúlé ò ní ewu kankan, kò sọ òótọ́.

Ohun tí màá bèèrè

Nítorí náà, mi ò ta ko kí ìjọba ra ìbọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ètò tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rù ti gba ẹ̀yìn wọlé. Tí gómìnà kan bá gbé e dé lọ́la, ẹ bá mi bi í ní nǹkan márùn-ún yìí:

1. Irú ìbọn wo lẹ ń wá? Tó bá jẹ́ AK-47, ẹ má fi iye ìbọn ìbílẹ̀ tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn bàbá arúgbó kún un, kẹ́ ẹ wá máa sọ fún wa pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

2. Ta ló máa kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó ń pa ọ̀nà mọ́ àwọn èèyàn, àbí ẹni tó ń sá fún un?

3. Ibo ni ìbọn tuntun ń gbà wọlé, ṣé ẹ ti dí i? Láti ìgbà tí ìjọba Gaddafi ti ṣubú ní Líbíà lọ́dún 2011 ni ìbọn ti ń ṣàn gba aṣálẹ̀ wá. Òkè-Ògùn sì bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà, ojú ọ̀nà igbó pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ láì dí ihò ọkọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́.

4. Níbo ni ìbọn tẹ́ ẹ bá gbà ń lọ? Ní Timbuktu, lórílẹ̀-èdè Mali, lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1996, wọ́n dáná sun nǹkan bíi 3,000 ìbọn ní gbangba, ojú gbogbo èèyàn ló ṣe. Ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀, ká má bàa tún rí wọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

5. Tí a bá pè yín lóru, ta ló máa dé, ìgbà wo ló sì máa dé? Tí ẹ ò bá lè dáhùn èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe ní báyìí láì ra ẹyọ ìbọn kan. Kí wọ́n jẹ́ kó rọrùn fún ọdẹ láti forúkọ ìbọn ẹ̀ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀, láì jẹ́ pé wọ́n ń gba rìbá lọ́wọ́ ẹ̀ tàbí pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọdẹ wa ní olórí, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n mọ ara wọn. Ìbọn tí a bá mọ orúkọ ẹni tó ni ín kì í rọrùn yá fún jàǹdùkú. Ọsirélíà náà kò kàn ra ìbọn lásán. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo èyí tó kù ní ìwé àti olúwa.

Mo tún pe bàbá lálẹ́ àná. Mo ṣàlàyé gbogbo nǹkan tí mo rí fún wọn, látorí Port Arthur títí dé màlúù Zamfara. Ti màlúù yẹn pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an. Lẹ́yìn náà, ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìẹ wí. Ìwọ rò pé mo fẹ́ràn kí n máa gbé irin yìí kiri lọ́jọ́ orí mi yìí? Èjìká ń dùn mí."

Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Lọ sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo bá pe ọlọ́pàá tí wọ́n sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n má sanwó kankan fún mi. Ọ̀fẹ́ ni màá gbé e fún wọn."